Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ìwé Rélùwéè

Bí ẹ bá dé Inísà lónìí, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé Jọláyẹmí gáńgà gọ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé Keziah àbúrò rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹnu mi ò sì tíì kú. Mo ti bá èèyàn mẹ́ta fà á lórí ọ̀rọ̀ yìí, mọ́gàjí sì wà nínú wọn. Àmọ́ mi ò ní í tàn yín. Lọ́dún 1964 tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pè é ní òmùgọ̀, mo sì pè é bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìkìrun, níwájú àwọn tó wá gba aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Iṣẹ́ rélùwéè ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, gáńgà ni. Àwọn tí wọn ò mọ ohun tí gáńgà jẹ́ máa ń rò pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Kánò gùn ju ohun tí ọ̀gá kan lè máa ṣọ́ lọ, nítorí náà wọ́n gé e bí ẹni gé iṣu. Wọ́n pín gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀kùn ẹ̀kùn: ẹ̀kùn tiwa, Ìbàdàn ni olú rẹ̀, ti Òkè Ọya wà ní Sàríà, ti ìlà-oòrùn wà ní Ẹ̀núgù, àwọn ọ̀gá pátápátá sì wà ní Èbúté Mẹ́ta, tí wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnjiníà tirẹ̀. Abẹ́ ẹnjiníà ni ìnsípẹ́kítọ̀ wà. Tiwa ń gbé Òṣogbo, tírọ́lì ló sì ń gùn lórí irin káàkiri. Abẹ́ ìnsípẹ́kítọ̀ ni gáńgà wà. Gáńgà kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, bíi máìlì mẹ́rin sí márùn-ún, àti lébìrà mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń tún un ṣe. Ìpín ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn téṣàn Inísà, ó sì parí lẹ́bàá Òkukù. Bí òjò bá wọ́ òkúta lọ lábẹ́ irin níbẹ̀, bí igi ìdábùú kan tí irin gùn lé bá jẹrà, bí nọ́ọ̀tì kan bá tú, Jọláyẹmí ni wọ́n máa bi. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀pà bọ̀ láti Kánò ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ gbé e ga, kó máa lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ìyá wa ló fà á. Mojíbọ́lá lorúkọ ìyá wa, ojú wọn sì ti fọ́ láti ọdún 1957. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ́kọ, wọ́n ti láya. Òun àti ìyá nìkan ló kù nínú ilé ní Inísà. Mo bẹ ìyá títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkìrun, wọ́n ní àwọn ò ní í lọ kú sílé ọkọ ọmọ. Láràárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ síbi iṣẹ́, á gbé omi ìwẹ̀ fún wọn, á po ògì fún wọn, á fà wọ́n lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì fi ọwọ́ wọn kan ibi tó gbé ọ̀pá wọn sí. Bó bá di ọ̀sán, á rìn bọ̀ lójú irin wá wò wọ́n. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju pé kó wà nílé títí di ọjọ́ tí ìyá wa máa kú, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin wọ́n. Ó sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni lẹ́tà dé. Adéjàre, ọ̀gá téṣàn Inísà, ló kà á fún un. Lẹ́tà náà dùn létí. Ó ní rélùwéè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì fẹ́ kí kálukú wọn parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀kùn tó súnmọ́ ilé rẹ̀ jù. Nítorí náà, kí Jọláyẹmí gáńgà Inísà múra láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀kùn Ẹ̀núgù lọ́jọ́ kìíní oṣù Díṣẹ́ńbà, torí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ Ọ̀wá, ìlú rẹ̀, jù. Àyàndélé, gáńgà kan ní Kafanchan lókè Ọya, tó jẹ́ ọmọ Òkukù, ni yóò wá gba ìpín rẹ̀.

Adéjàre ka orúkọ ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bàbá, mo ti rò pé ọmọ ibí ni yín.” Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá Ọ̀wá, wọ́n sì rí i: ìlú kan lápá Agbor, ní Mid-West, tí ọkọ̀ ojú irin ò dé rí. Láti ibẹ̀, téèyàn bá fẹ́ rí ojú irin, á dé Ásábà, á gun ọkọ̀ ojú omi sọdá Ọya, kó tó máa wá bí wọ́n ṣe ń lọ sí Ẹ̀núgù. Ibẹ̀ ni àánú àwọn ọ̀gá Èbúté Mẹ́ta gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ, pé kó lè súnmọ́ ilé. Nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ wá sọ fún mi ní Ìkìrun, inú bí mi. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ ṣì í, ṣebí Ọ̀wá mìíràn wà lápá Ìlọrin, nítòsí wa níbí. Wọ́n fo ìyẹn, wọ́n lọ mú èyí tó jìnnà.

Bó bá lọ, kò sẹ́ni tó máa wà pẹ̀lú ìyá wa, wọn ò sì ní í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò ní Inísà. Bó bá kọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, nítorí ẹni tó bá kọ ìgbésípò ní rélùwéè, ó ti kọ iṣẹ́. A sọ fún ìyá. Wọ́n fi oríkì pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, “Ọ̀wá kẹ̀? Àkànjí, ìgbà wo ni mo lọ bí ọ síbẹ̀?” Wọ́n tún ní, “Ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ bàbá yín ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.” Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

A lọ sọ́dọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀ ní Òṣogbo. Ó gbọ́ wa dáadáa. Ó ní òun lè gbé lébìrà kúrò lórí ìpín kan sí òmíràn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kùn sí ẹ̀kùn ga ju òun lọ. Káàdì tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀gbọ́n mi síṣẹ́, Ìbàdàn ló wà, ohun tó bá sì wà lórí káàdì ni rélùwéè gbà gbọ́. Bí a ṣe wọ ọkọ̀ Ìbàdàn nìyẹn. Èmi ni mo kàwé dé ìwé mẹ́fà nínú wa, mi ò sì fẹ́ kí ẹnì kan fi gẹ̀ẹ́sì rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ, ni mo ṣe tẹ̀ lé e.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ajíbádé, ọmọ Igbaye nítòsí wa, ni olórí àwọn akọ̀wé tí a bá níbẹ̀. Ó kí wa tayọ̀tayọ̀ nígbà tó gbọ́ pé láti Inísà la ti wá, ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Ó wọ iyàrá kan lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé káàdì pélébé kan jáde, ọdún 1950 ló wà lórí rẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á sókè. “Orúkọ: Jọláyẹmí. Ìlú: Ọ̀wá Àdúpẹ́.” Ó dúró. Ó ní ìwé tó ti Èbúté Mẹ́ta wá ò ní Àdúpẹ́ nínú. Ó jọ pé wọ́n wá Ọ̀wá Àdúpẹ́ títí, wọn ò rí i, ni wọ́n bá gé ìdí rẹ̀ dànù. Ó tún wo káàdì. Ó ní, “Orúkọ ìyá: Arale. Jọláyẹmí, ta ló ń jẹ́ Arale?”

Ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ bojú. Mo rò pé ó ń sunkún, mo sì ti fẹ́ dìde sí bàbá Ajíbádé. Àṣé ẹ̀rín ló ń pa á lọ. Ó ní, “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwọn síṣẹ́, abẹ́ igi máńgòrò kan létí ojú irin ni akọ̀wé tẹ́ tábìlì sí. Ọmọ Íbò ni akọ̀wé náà, èèyàn jẹ́jẹ́, ó ti gbé Èkó pẹ́, ó sì fẹ́ràn kó máa sọ Yorùbá sí wọn. Ó bi í pé, “Orúkọ ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n mi ní Jọláyẹmí. Ó ní, “Ilé ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ó wà, a dúpẹ́.” Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ara le.” Akọ̀wé kọ ìyẹn náà. “Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé irú ọmọlúwàbí wo rèé, tó ń béèrè ilé àti ìyá lọ́wọ́ ẹni tó wá wáṣẹ́ lébìrà. Bí mo ṣe ń lọ, mo tún kí i pé kó bá mi kí àwọn ará ilé tirẹ̀.”

Bàbá Ajíbádé bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, àwọn akọ̀wé yòókù sì kóra jọ wá gbọ́. Ó ní, “Òun ń béèrè ibi tí ilé wà, ìwọ ń sọ bí ará ilé ṣe wà fún un. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ṣi Yorùbá sọ nínú ẹ̀yin méjèèjì.” Nígbà yẹn ni èmi náà wá rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n mi fi jẹ́ ọmọ Ọ̀wá Àdúpẹ́ láìmọ̀.

Bàbá Ajíbádé mú káàdì lọ bá ẹnjiníà ẹ̀kùn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti fi tàdáwà pupa fa ilà kọjá lórí Ọ̀wá, wọ́n kọ Inísà sí i, wọ́n sì fún wa ní lẹ́tà pé Jọláyẹmí dúró sórí ìpín rẹ̀. Ara mi wá fúyẹ́. Mo ti ń ronú ẹran tí mo máa rà lọ fún ìyá.

Bí a ṣe ń dìde ni bàbá Ajíbádé sọ pé, “Ọ̀rọ̀ ti Àyàndélé yẹn nìkan ló kù. Ìpín kan, gáńgà kan ni. Gbogbo ìpín tó wà ní ẹ̀kùn yìí ló ti léèyàn. Yóò ní láti padà sí Kafanchan.” Ó ní ó tiẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, wáyà tí wọ́n gbà ní ó ti di ẹrù sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé ọdún mélòó ni ọkùnrin náà ti lò níbẹ̀. Wọ́n ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. A wọ ọkọ̀ padà, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkìrun.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wà ní Inísà lọ́dọ̀ ìyá nígbà tí Àyàndélé wá kí wa. Ó wá láti Òkukù lórí kẹ̀kẹ́ tó yá. Ọkùnrin gíga kan ni, kò tó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí, ọdún bíi márùn-ún ló wà láàárín wọn. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ mọ́ Haúsá, bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ á ní “to, to”, bí àwọn Haúsá ṣe ń sọ pé ó dáa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin náà ń padà sílé. Ọlọ́run á bá wa mú un rọrùn o.” Kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá mi, tí kì í lè pa ẹnu mọ́, bi í pé àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́. Ó jókòó sílẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní bàbá òun kú lọ́dún 1948, ìyá òun kú lọ́dún 1959. “Lẹ́tà ló sọ ti ìyá mi fún mi, ìyá, lẹ́yìn oṣù méjì. Orí ìpín mi ni mo wà tí mo ti kà á. Wọ́n ti sin ín, wọ́n ti fá irun, wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán.” Ó ní àwọn ọmọ òun ò gbọ́ Yorùbá kan tó jọra, àmọ́ láti ìjẹta, wọ́n ti mọ ilé bàbá wọn, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ti bá àwọn ọmọ agboolé lọ sódò Ọ̀tìn. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà Ìbàdàn wà nínú àpò ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ àga pé kó mú un jáde. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ sí Òṣogbo láìsọ fún mi. Ó sọ fún ìnsípẹ́kítọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí Àyàndélé gba ìpín náà, kí wọ́n sì kọ òun sílẹ̀ bíi lébìrà lábẹ́ rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé gáńgà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kò ní í gòkè mọ́, ilé rélùwéè á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà gáńgà á kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé bàbá òun ni òun ń gbé, pé kí wọ́n ṣáà kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì gbà.

Ọjọ́ tó wá sọ fún mi ni mo pè é ní òmùgọ̀. Mo ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ gba ohun tí ẹ ń wá, ẹ wá fi ọwọ́ ara yín gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán an lọ sí Kafanchan ni?” Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Keziah, ohun tí mò ń wá ni kí n wà lọ́dọ̀ ìyá wa. Mo sì wà níbẹ̀. Tí mo bá mú lẹ́tà yẹn jáde, ìwọ ni ó lọ bá mi sọ fún ọmọ rẹ̀ tó ti lọ sódò Ọ̀tìn pé kó di ẹrù?” Mo bínú sí i fún oṣù mẹ́ta gbáko, mo ń lọ kí ìyá nígbà tí mo bá mọ̀ pé kò sí nílé.

Ìyá tiẹ̀ gbọ́n jù mí lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: “Ṣé ìwọ ni ó ṣì máa gbé omi fún mi láàárọ̀?” Ó ní òun ni. Wọ́n ní, “Kí ló wá ń dun Keziah?”

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà ìpín náà ló ròyìn àárọ̀ ọjọ́ tí Àyàndélé kọ́kọ́ wá gba iṣẹ́ fún mi. Ó ní gbogbo àwọn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Fìlà gáńgà wà lórí Àyàndélé, àmọ́ kò lè pàṣẹ. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi, àwọn lébìrà náà ń wo ẹ̀gbọ́n mi, torí òun ló ti ń sọ ibi tí wọ́n máa lọ fún ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù sí èjìká. Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í wí “ẹ” fún ẹni tó kéré sí i, àfi tí ó bá jẹ́ ọba. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀. Ibo lẹ fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀?” Àyàndélé fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dá a dúró ní èjìká, ó ní ọ̀gá kì í dọ̀bálẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó pẹ́ kí Àyàndélé tó lè sọ pé kí wọ́n lọ sí ọ̀nà kótópó, níbi afárá kékeré, kí wọ́n lọ pààrọ̀ igi ìdábùú méjì. Wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, “ẹ” ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí fún un, bọ́jọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìyá wa kú. Àárọ̀ ni, omi ìwẹ̀ wọn ṣì gbóná nílẹ̀, orí wọn wà lórí itan ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo wà ní Ìkìrun, máìlì díẹ̀ péré, mi ò bá a. Ó dùn mí dọ́kàn, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò tán, tí ẹ̀gbọ́n mi ti bu erùpẹ̀ tirẹ̀, tí èmi náà ti bu tèmi, Àyàndélé jáde láàárín èrò. Gbogbo àwọn lébìrà ìpín náà ló kó wá. Ó dúró síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò bu erùpẹ̀ sórí ìyá tèmi. Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi na ṣọ́bìrì sí i. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ gbà.” Àyàndélé gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu erùpẹ̀, kò sì dúró títí ojú oórì fi dọ́gba.